Orí Súkúrù Méjì

Ní Ìlọrin, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Gàmbàrí lọ sí ọjà Ìpàta, káfíńtà kan wà tó ń jẹ́ Abdulganiyu. Gàníyù ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Àwọn oníbàárà a máa pè é ní Bàbá Mọ́rúfù, nítorí àkọ́bí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí igi. Bó bá kan àga, àga náà kì í mì. Bó bá gbé ilẹ̀kùn kọ́, ilẹ̀kùn náà kì í ké. Àwọn èèyàn a máa sọ pé iṣẹ́ tí ọwọ́ Gàníyù bá ti kàn, kí onílé lọ fọkàn balẹ̀ kó sùn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ ọn púpọ̀, àmọ́ ó tún di ẹrù sí i lọ́rùn, torí ẹni tí gbogbo àdúgbò ti gbà pé kì í ṣe àṣìṣe, ọjọ́ tó bá ṣe é, ẹnu rẹ̀ kì í gbà á láti wí.

Lọ́dún kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà, nígbà òjò, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Martha ránṣẹ́ pè é. Aránṣọ ni Martha. Màmá Gbémiga ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ó gba ṣọ́ọ̀bù kan nínú ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà tí Alhaji Bẹ̀llò ní sójú títì, ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta níbẹ̀, ó sì ń kọ́ ọmọbìnrin mẹ́rin níṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti dolóògbé. Ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkọ náà rà fún un lọ́dún tó gbé e níyàwó, Martha kì í sì í jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kàn án.

Olè ti ń yọ àwọn ará Ìpàta lẹ́nu nígbà náà, ni Martha bá ra irin tuntun fún ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni irin náà pín sí: ìdábùú pẹlẹbẹ kan tí wọn ó dè mọ́ ilẹ̀kùn, àti irin olórùka kan tí wọn ó dè mọ́ férémù, kí àgádágodo lè so méjèèjì pọ̀. Ìṣó lásán kọ́ ni wọ́n fi ń dè é. Súkúrù ni, èyí tí wọ́n ń yí wọnú igi, torí pé ìṣó ṣeé fà yọ, súkúrù tó bá jókòó dáadáa kì í ṣeé fà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Gàníyù lọ ṣe é. Ti ilẹ̀kùn kò le. Ti férémù ló dìjà. Ìrókò àtijọ́ ni férémù náà, láti ayé bàbá Alhaji Bẹ̀llò, ó ti gbẹ, ó ti le bí òkúta. Káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í fi agbára bá ìrókò gbígbẹ lò. Á kọ́kọ́ lu ihò tó jìn, á fi ọṣẹ pa súkúrù lára kó lè máa yọ̀ wọlé, á wá máa yí i pẹ̀lú sùúrù, bó bá yí i síwájú lẹ́ẹ̀mejì á dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Gàníyù mọ gbogbo èyí bó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrun Jímọ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n bá òun lẹ́yìn mọ́sálásí níbi tí oòrùn ń pa àwọn tó pẹ́ dé. Irin tó fi ń lu ihò sì ti kú lẹ́nu. Ó lu ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé ìdajì, ó ní ó tó.

Súkúrù kìíní wọlé, àmọ́ ó ń ké, ó sì ń họ igi bó ti ń lọ, débi pé ojú ihò rẹ̀ gbòòrò jù. Ìkejì wọlé dé ìdajì, ó dúró. Gàníyù fi èjìká tì í, ó fi agbára yí i, ó gbọ́ "kọ́". Orí súkúrù já sí i lọ́wọ́, ara rẹ̀ dúró sínú igi. Ó mú ìkẹta. Ó ti ń bínú, ìbínú yẹn ló sì fi yí i. Òun náà já. Nígbà tó kan ìkẹrin, ẹ̀rù ti bà á, ni ó bá fi ayùn irin gé ìdí rẹ̀ kúrú kí ó tó yí i wọlé, kó má baà já bíi ti àwọn yòókù.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni Martha wà, ó ń gé aṣọ lórí tábìlì. Ó béèrè láìgbójú sókè pé, "Ṣé ó ti jókòó, Bàbá Mọ́rúfù?"

Gàníyù wo orí súkúrù méjì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbà ju kó ní, "Ó já mọ́ mi lọ́wọ́, Màmá Gbémiga, mo máa padà wá lọ́la." Gbólóhùn kan péré ni.

"Ó ti jókòó," ló sọ.

Ó po góòmù mọ́ eruku igi, ó rọ ọ́ sínú ihò irin náà, ó tẹ orí súkúrù méjèèjì mọ́ ọn, ó nu ojú rẹ̀, ó fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá wò ó, orí súkúrù mẹ́rin ló máa rí, wọ́n tò rèǹtè-rente. Martha jáde wá, ó wò ó, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Wọ́n ti sọ fún mi pé ọwọ́ yín kì í ṣẹ̀. Ẹ ṣeun gan-an."

Gàníyù kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ kírun. Ó dá àdéhùn pẹ̀lú ara rẹ̀ lójú ọ̀nà pé bó bá di ọjọ́ Àtìní, òun á padà, òun á yọ èyí tó já, òun á ṣe é bó ṣe yẹ. Àtìní dé, wọ́n gbé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀dì wá. Àtàláátà dé, òjò rọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ojú ti ń tì í láti lọ tú iṣẹ́ tí obìnrin náà ti ń yìn kiri. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe kọjá nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ láti òru mọ́jú, ariwo ta. Martha ti dé ṣọ́ọ̀bù, ó bá àgádágodo rẹ̀ níbi tó ti wà, ó ṣí i bó ṣe máa ń ṣí i, ó wọlé. Ẹ̀rọ méjì kò sí mọ́. Èyí tó ní ẹsẹ̀ irin wíwúwo nìkan ló kù. Ti ọkọ rẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n gbé.

Gàníyù bá àwọn èèyàn lọ wò ó. Ó dúró lẹ́yìn èrò, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sára férémù. Ọ̀dà dúdú náà ti là yíká irin olórùka náà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí, bí ìlà tí irun orí bá fà. Ẹnikẹ́ni mìíràn kò lè rí i. Ṣùgbọ́n òun rí i, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀. Olè ti fi irin kan yọ irin olórùka náà kúrò lára férémù, ilẹ̀kùn ti ṣí pẹ̀lú àgádágodo lórí rẹ̀, ó ti kó ẹrù rẹ̀ tán, ó sì ti tẹ gbogbo rẹ̀ padà sí àyè rẹ̀ kí ẹni tó bá ń kọjá má baà tètè fura.

Martha jókòó sórí àpótí, ó ń sọ fún Alhaji Bẹ̀llò pé, "Wọn ò já àgádágodo. Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí i, Alhaji. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló sì wà láyé. Ọ̀kan rèé lọ́wọ́ mi."

Ojú gbogbo èèyàn yí sí Sàní.

Sàní ni ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Àwọn bàbá rẹ̀ ló wá láti ilẹ̀ Hausa, ṣùgbọ́n Gàmbàrí ni wọ́n bí òun sí. Òun náà ni ládánì mọ́sálásí kékeré tó wà nígun títì, òun ló ń pe ìrun márààrún láti nǹkan bí ogún ọdún. Martha fún un ní kọ́kọ́rọ́ kejì kó lè máa bá a gbálẹ̀ láàárọ̀ kó sì pọn omi sínú ìkòkò. Okùn ló fi so ó mọ́ ọrùn, lábẹ́ ẹ̀wù.

Sàní fa okùn náà jáde. Ó ní, "Òun rèé. Kò kúrò lọ́rùn mi. Nígbà tí mo lọ pe asùbáà ni mo kúrò níbí, a kírun tán, mo padà. Mi ò rí nǹkan kan."

Ẹnì kan béèrè lẹ́yìn pé, "Ta ló mọ ẹni tó yá ní kọ́kọ́rọ́?"

Sàní yí ojú rẹ̀ ká láti mọ ẹni tó sọ ọ́.

Àkókò tí Gàníyù ì bá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbólóhùn kan náà ni, ó kàn ti wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ ni. Ó la ẹnu. Kí ó tó sọ ọ́ jáde, àwọn ọlọ́pàá ti dé. Wọ́n yẹ àgádágodo wò, wọn ò rí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Sàní, wọ́n ní kó máa bọ̀. Bàbá arúgbó náà bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun wọ bàtà.

Ọjọ́ méjì ló lò lágọ̀ọ́ kí Alhaji Bẹ̀llò tó lọ dúró fún un. Ó padà wálé, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí iṣẹ́ ọdẹ. Ìmáámù mọ́sálásí kò lé e kúrò nípò ládánì o. Sàní fúnra rẹ̀ ló ní kò tọ́ kí ẹni tí wọ́n ń pè lólè máa pe àwọn èèyàn sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Láti ọjọ́ náà ni ohùn mìíràn ti ń pe ìrun, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń kánjú. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni Gàníyù ń gbọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ló sì ń rántí.

Oúnjẹ kò wọlé fún un mọ́. Bó bá mú súkúrù lọ́wọ́ níbi iṣẹ́, á gbé e sílẹ̀, á mú ìṣó. Ìyàwó rẹ̀, Àríkẹ́, ṣàkíyèsí.

Ó ní, "Bàbá Mọ́rúfù, kí ló ń ṣe yín? Ẹ ò jẹ ọ̀kà àná, ẹ ò jẹ ti òní."

"Iṣẹ́ ló pọ̀."

"Iṣẹ́ ti pọ̀ ju báyìí lọ rí, ẹ sì ń jẹun."

Ó dáhùn pé kó fi òun sílẹ̀. Àríkẹ́ gbé abọ́ kúrò, kò sọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n Gàníyù rí i pé ó ń wo òun.

Kò sí àwíjàre tí kò wí fún ara rẹ̀. Ó ní olè ló jalè, súkúrù kọ́. Ó ní bí irin yẹn bá tilẹ̀ dúró, olè tó mọṣẹ́ á gba òrùlé wọlé. Ó ní wọn ò kúkú rí nǹkan kan lọ́wọ́ Sàní, ọ̀rọ̀ náà á kú fúnra rẹ̀ tó bá yá. Gbogbo àwíjàre náà ló dúró dáadáa títí tó fi máa rántí bàbá náà níbi tó ti ń fa okùn jáde lọ́rùn, tó ń fi kọ́kọ́rọ́ han àwọn èèyàn bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ní kó wá fi ọwọ́ hàn. Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti máa ń wó.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó gbé iṣu mẹ́rin, ó lọ sílé Sàní. Inú agbo ilé ńlá kan ni ní Gàmbàrí, àwọn èèyàn sì kún àgbàlá, àmọ́ ní ẹnu ọ̀nà Sàní, kò sí ẹnikẹ́ni. Orí ẹní ló bá a. Bàbá náà gbìyànjú láti dìde kí i.

"Ẹ má dìde, Bàbá Ládánì."

"Jókòó, Gàníyù. Ìyàwó mi, wá wo ẹni tó wá kí wa." Ó wo iṣu náà, ó wo ojú Gàníyù. "Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san. Ọjọ́ kẹjọ rèé, ìwọ ni ẹni kejì tó máa wọ ilé yìí, Alhaji Bẹ̀llò nìkan ló ṣáájú rẹ. Àwọn tí a jọ ń jókòó, tí wọ́n bá rí mi lókèèrè, wọ́n á yà bàrá. Mi ò bínú sí wọn. Bó bá jẹ́ èmi náà, bóyá màá yà."

Gàníyù kò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Ó béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró.

Sàní ní, "Wọ́n ti parí rẹ̀ sí pé kí n búra. Màmá Gbémiga sọ pé bí mo bá fi Àlùkùránì búra lójú gbogbo èèyàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí, òun á sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé òun ti fi ẹjọ́ náà sílẹ̀. Alhaji ní kí n gbà. Mo ti gbà. Ohun tó ń dùn mí ni pé mi ò búra rí láyé mi. Bàbá mi kọ̀ ọ́ fún wa, ó ní ẹni tí wọ́n bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́ kò nílò ìbúra. Mo dàgbà tó báyìí kí n tó di ẹni tí wọn ò gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́."

Ìyàwó Sàní gbé omi wá fún Gàníyù. Ó mu ún. Ọ̀rọ̀ náà dé eyín rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde, ó ṣe àdúà fún wọn, Sàní sì ń ṣe "àmín" tọkàntọkàn. Nígbà tó dójú ọ̀nà, ó dúró ti ògiri kan, ó fi ọwọ́ bo ojú.

Ọjọ́ Àlàámísì, tí ìbúra ku ọ̀la, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ Martha wá bá a. Ó ní màmá àwọn ra àgádágodo tuntun, kò fẹ́ lo ti àtijọ́ mọ́ torí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tó ti wọ ọwọ́ ẹlòmíràn. Pé àgádágodo náà tóbi, irin olórùka náà sì ń mì díẹ̀. Kí Bàbá Mọ́rúfù jọ̀wọ́ wá bá àwọn fún un.

Gàníyù kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Bó ti ń lọ, ọgbọ́n kan wọlé sí i lórí, kò sì wá a. Bó bá gbé irin olórùka náà sókè ní ìwọ̀n ìka méjì, igi tuntun ló máa bá níbẹ̀. Á lu ihò tuntun, á fi súkúrù tuntun dè é pinpin. Á fi góòmù dí àwọn ihò àtijọ́ pẹ̀lú èyí tó já sínú wọn, á kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà. Kò ní gbà ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn wákàtí yẹn, kò ní sí ẹni tó lè mọ̀ láéláé. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń yára rìn.

Ó dé ibẹ̀, ó kí wọn, ó kúnlẹ̀ níwájú férémù. Ó ti ẹnu irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ abẹ́ irin olórùka náà, kò tíì fi agbára kankan sí i tí irin náà fi bọ́ sí i lọ́wọ́ bí ìdérí ìkòkò. Orí súkúrù méjì jábọ́ sílẹ̀. Ó yára fi àtẹ́lẹwọ́ bò wọ́n.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Martha dúró sí, ó ń yí okùn ìwọnṣọ rẹ̀ mọ́ ìka. Ó ní, "Ẹ bá mi fún un dáadáa o, Bàbá Mọ́rúfù. Bàbá yẹn á búra lọ́la, mo mọ̀ pé ó máa búra, ẹni tó lè jalè á lè búra. Mo kàn fẹ́ kí Ọlọ́run gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni."

Ọwọ́ Gàníyù dúró. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn.

Ó ní, "Màmá Gbémiga, ẹ wá wo nǹkan."

"Kí ni?"

"Ẹ tẹ̀ba wá síbí. Ẹ wò ó." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. "Orí súkúrù nìyí. Méjì. Ara wọn ló wà nínú igi yẹn. Ọjọ́ tí mo ṣe é ni wọ́n ti já."

Martha wo ọwọ́ rẹ̀, kò yé e.

Gàníyù gbé irin olórùka náà padà sí àyè rẹ̀, ó tẹ súkúrù méjì tó kù wọnú ihò wọn pẹ̀lú àtàǹpàkò, ó tẹ àwọn orí náà mọ́ ọn. Ó dúró gẹ́gẹ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó wá fi ìka kan péré fà á, gbogbo rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Bí olè ṣe wọlé nìyí," ló wí. "Ó bọ́ ọ, ó kó ẹrù, ó dá a padà. Kò lo kọ́kọ́rọ́ kankan. Bàbá Sàní kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Góòmù ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Mo ń kánjú lọ kírun, mo ní màá padà wá, mi ò padà wá."

Ọmọ iṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin, ẹ̀rọ náà dákẹ́.

Martha ní, "Ọjọ́ tí wọ́n jí mi lẹ́rù, ẹ wà níbí."

"Mo wà níbí."

"Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà yẹn?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n lọ pe ọlọ́pàá," ni Martha wí, kò sì jọ pé Gàníyù ló ń bá sọ̀rọ̀. "Èmi ni mo nawọ́ sí bàbá arúgbó. Ó ń pọn omi fún mi lọ́fẹ̀ẹ́." Ó jókòó. Ó gbójú sókè, ohùn rẹ̀ sì ti lọlẹ̀. "Ẹ lọ pe Alhaji wá. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ pè é. Ẹ̀yin náà lẹ máa sọ ọ́."

Ó pe Alhaji Bẹ̀llò wá, ó sọ ọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ lọ sílé Sàní kí ìrun alásárì tó dé. Martha ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kò tíì dé orí ẹní tó fi kúnlẹ̀. Gàníyù dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tó tutù, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fo ibì kankan.

Sàní fetí sí i títí ó fi parí. Ó ní kí Martha dìde, ó ní òun ti dárí jì í, pé ohun tí ojú rẹ̀ rí ló sọ. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí Gàníyù.

"Ọjọ́ tí o gbé iṣu wá, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

"Nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ìbúra fún ọ?"

"Mo ti mọ̀."

Sàní mi orí. Ó pe ìyàwó rẹ̀, ó béèrè bóyá iṣu yẹn ṣì kù. Obìnrin náà ní méjì ló kù. Sàní ní kó gbé wọn wá, ó sì gbé méjèèjì síwájú Gàníyù jẹ́jẹ́, bí ẹní ń gbé ọmọ sílẹ̀.

"Ìbínú kọ́," ló wí. "Mo ti dárí jì ọ́, Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ ẹ́. Dìde, gbé e."

Gàníyù gbé iṣu méjèèjì, ó gba àárín àgbàlá tó kún fún èèyàn kọjá. Kò sí ìyà tí wọ́n lè fi jẹ ẹ́ lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá tó máa ju ìrìn yẹn lọ. Ó délé, ó gbé e fún Àríkẹ́, ó jókòó tì í, ó sì sọ ohun tó ti ń fi pamọ́. Àríkẹ́ ní, "Mo ti mọ̀ pé nǹkan kan wà. Mo kàn ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jalè." Ó ń sunkún, ó sì ń rín ẹ̀rín díẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n sálámà tán, Ìmáámù ní kí àwọn èèyàn dúró. Ìbúra ni wọ́n ń retí. Gàníyù ló dìde. Ó sọ ọ́ níwájú gbogbo wọn, àwọn tó ti kan bẹ́ẹ̀dì fún, àwọn tó ti gbé ilẹ̀kùn kọ́ fún, àwọn tó máa ń ní kí onílé lọ fọkàn balẹ̀ kó sùn. Sàní jókòó sí sàfù kejì, ìlà kejì sí ọ̀dọ̀ Ìmáámù, kò wo ẹ̀yìn. Nígbà tí Gàníyù parí, àwọn àgbà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n lọ bọ Sàní lọ́wọ́, àwọn tó ti ń yà bàrá fún un ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ Gàníyù sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì ní Sàní kò jẹ̀bi. Wọn ò rí olè náà mú. Ẹ̀rọ méjèèjì kò padà wá títí di òní.

Ọjọ́ tí àwọn ọlọ́pàá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni Gàníyù lọ tún férémù ṣe. Martha kò ní kó wá, kò sì ní kó má wá. Ó fi ṣísẹ́lì tẹ́ẹ́rẹ́ gbẹ́ igi yíká súkúrù kìíní tó já, díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹnu ẹ̀mú fi rí ibi dì í mú. Ó fi irin gbígbóná kàn án kí igi lè tú u sílẹ̀. Ó yí ẹ̀mú sápá òsì, kò kánjú, ó sinmi, ó tún yí i. Ìrun àyìlá pè, ó lọ kí i, ó padà. Alásárì ti sún mọ́lé kí èkejì tó jáde. Ó gbẹ́ èèkàn ìrókò kéékèèké, ó fi góòmù pa wọ́n lára, ó gbá wọn sínú àwọn ihò náà, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n gbẹ mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì ló lu ihò tuntun dé ìdí, ó fi ọṣẹ pa súkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó yí wọn wọlé. Kò sí èyí tó ké.

Kò kùn ún ní ọ̀dà. Ó ní kí Martha fà á wò. Martha fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó tún fi ẹsẹ̀ ti férémù, ó fà á, kò mì.

Ó ní, "Màá tún pe káfíńtà mìíràn wá wò ó."

Gàníyù ní, "Ó yẹ bẹ́ẹ̀, Màmá."

Ó bá a kan tábìlì ìgéṣọ méjì lọ́dún náà, kò gba nǹkan kan, Martha kò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà kan lọ. Àwọn kan dúró, ṣùgbọ́n wọ́n ń jókòó tì í báyìí tó bá ń ṣiṣẹ́, kò sì sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ.

Ó tó oṣù kan kí Sàní tó gbà láti padà máa pe ìrun. Asùbáà ọjọ́ àkọ́kọ́, Gàníyù gbọ́ ohùn náà lórí ibùsùn, ohùn àgbà tí kì í kánjú, ó sì jókòó sínú òkùnkùn títí tó fi parí. Ó ṣàlùwàlá, ó lọ. Lẹ́yìn ìrun, ó lọ bá Sàní lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí níbi tó ti ń wọ bàtà.

"Àsàlámù aleíkúmù, Bàbá Ládánì."

"Wa aleíkúmù sàlámù," ni Sàní dáhùn. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.